Ọ̀rọ̀ Ẹnu àti Ìgbọràn

Ní ọdún 1955 ni a fún ọ̀nà ìjà kan ní ilẹ̀ Kòríà ní orúkọ tí í ṣe taekwondo. Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí a ti ń kọ́ ọ, èdè Kòríà ni a fi ń pàṣẹ. Bí olùkọ́ bá wí pé, “Charyeot,” akẹ́kọ̀ọ́ a dúró ṣánṣán. Ẹni tí ó mọ ìtumọ̀ rẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò dúró, kò tíì kọ́ ọ.

Láti inú èdè Hébérù ni “Àmín” ti wá. Nígbà tí àlùfáà bá wí pé, “Ara Kristi,” tí a sì dáhùn, ǹjẹ́ ìwà wa gbọ́ràn bí? Ìwọ tí o di kùnrùngbùn sí arákùnrin rẹ, lọ parí ìjà náà lónìí, kí “Àmín” rẹ lè jẹ́ òtítọ́.