Ìwúre fún Ọmọ Tó Ń Ṣí Lọ sí Yunifásítì Àbújá

Mo fẹ́ súre, ṣùgbọ́n ìbà ni n ó fi bẹ̀rẹ̀. Ìbà Olódùmarè, Ọba tó ni òní, tó ni ọ̀la. Ìbà ẹ̀yin Gbagyi, onílẹ̀ Àbújá, tí ẹ ti ń dáko, tí ẹ sì ń mọ ìkòkò lórí ilẹ̀ yìí kí òfin ọjọ́ 3 oṣù Kejì 1976 tó sọ ọ́ di olú-ìlú. Ìbà Ladi Kwali, amọ̀kòkò tí àwòrán rẹ̀ wà lẹ́yìn owó ogún náírà: kò ka ìwé yunifásítì, síbẹ̀ Yunifásítì Ahmadu Bello fi oyè ọ̀mọ̀wé dá a lọ́lá ní 1977. Ìbà Adájọ́ Akínọlá Àgùdà, ọmọ Yorùbá, tó ṣáájú ìgbìmọ̀ tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní 1975 láti wá ibi tí olú-ìlú tuntun yóò wà, ibi tí ẹ̀yà kan kò ti ní lè wo ẹ̀yà kejì bí àlejò. Ìbà yín o. Ẹ jẹ́ kí ohun tí mo bá wí ṣẹ.

Ìwọ ọmọ mi, wá kúnlẹ̀. O ti lo ọdún kan gbáko ní yunifásítì ìpínlẹ̀ nílé lọ́hùn-ún, o sì fẹ́ kó ẹrù wá sí ti ìjọba àpapọ̀ ní Gwagwalada, níbi tí àwọn tó ń kan ilẹ̀kùn ti pọ̀ ju àga tó wà nínú ilé lọ. Má ṣe tẹ́ńbẹ́lú ibi tó o ti ń bọ̀. Àwọn ló kọ́kọ́ fún ọ ní ìjókòó, àwọn náà ni yóò sì fọwọ́ sí i pé àwọn yọ̀ǹda rẹ. Kí wọ́n yọ̀ǹda rẹ tayọ̀tayọ̀. Gbèsè owó ilé ẹ̀kọ́ kò ní dá ọ dúró, ìwé ilé ìkàwé tí o gbàgbé sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì kò ní di ẹjọ́ sí ọ lọ́rùn. Àṣẹ.

Ìwé èsì rẹ, èyí tí wọn kì í fi lé akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́, tó jẹ́ pé láti yunifásítì dé yunifásítì ni wọ́n ń fi ránṣẹ́, kò ní sọnù lọ́nà. Wọn kò ní ṣi orúkọ rẹ kọ, wọn kò ní fi nọ́ńbà ẹlòmíràn sí i. Bí odò Usuma ṣe ń ṣàn láti apá Bwari, níbi dáàmù tí ará Àbújá ń mu omi rẹ̀, tí àpáta kò dá a dúró títí ó fi la Gwagwalada kọjá, bẹ́ẹ̀ ni kí orúkọ rẹ ṣàn láti orí ẹ̀rọ JAMB, àjọ tó ń rí sí ìgbàwọlé sí yunifásítì, ní Bwari dé orí tábìlì wọn ní Gwagwalada.

Ẹ jẹ́ kí n dúró ní Bwari díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń kọsẹ̀. Láti 1978 ni JAMB ti wà, òun ló sì ń di orúkọ gbogbo ẹni tó bá wọ yunifásítì mú. Tí yunifásítì méjèèjì bá gbà, tí Bwari kò bá mọ̀, ọmọ ọ̀hún ń kàwé lásán ni. Ọdún mẹ́ta, ọdún mẹ́rin yóò lọ ní wọ́ọ́rọ́wọ́, àfi ìgbà tó bá di àkókò àgùnbánirọ̀ tí orúkọ kò bá orúkọ mu. Nítorí náà, ẹni tó bá ní òun mọ ọ̀gá kan, pé kí o mú owó wá kí òun gba ẹ̀yìn bá ọ ṣe é, Ọlọ́run á fi í hàn ọ́ kí o tó tú àpò. Ẹnu ọ̀nà iwájú ni wàá gbà wọlé. Ó lè pẹ́ o, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí yóò lé ọ jáde.

A máa ń gbàdúrà fún gíwá, a máa ń gbàdúrà fún mínísítà, a kì í rántí akọ̀wé tí fáìlì wà níwájú rẹ̀. Mo rántí rẹ lónìí, ìwọ akọ̀wé tí n kò mọ̀ rí. Kí iná má lọ ní ọ́fíìsì rẹ. Kí nẹ́tíwọ̀kì má ṣe já nígbà tó o bá ń tẹ orúkọ ọmọ mi. Kí ara ọmọ tìrẹ náà yá, kí owó oṣù rẹ wọlé lásìkò, kí o má baà fi ìbínú ilé ti fáìlì ọlọ́fáìlì sínú dúrọ́ọ̀. Bí ìwọ náà bá ní ọmọ tó ń wá ilé ẹ̀kọ́ níbìkan, kí ẹni rere wà nídìí fáìlì tirẹ̀ lọ́hùn-ún. Àṣẹ.

Ọmọ mi, kí gbogbo kọ́ọ̀sì tó o ti yege níbẹ̀ jẹ́ ohun tí wọn yóò kà fún ọ níbí. Ọdún tó o lò kò ní di àjẹgbé. 200 Level ni wàá bá wọlé; wọn kò ní dá ọ padà sí ìbẹ̀rẹ̀ kí o wá máa jókòó pẹ̀lú àbúrò rẹ.

Ọ̀rọ̀ ìpínlẹ̀ ló kù, ibẹ̀ gan-an ló ń dùn mí. Kubwa ni wọ́n bí ọ sí, Haúsá rẹ sì já gaara ju Ìjẹ̀ṣà tí ìyá bàbá rẹ ń sọ lọ. Síbẹ̀, nígbà tó o fẹ́ kọ fọ́ọ̀mù àkọ́kọ́, Ọ̀ṣun lo kọ, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ ló sì sáré kiri ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ nítorí ìwé pé ọmọ ìlú ni ọ́. Yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ń ya 45 sọ́tọ̀ nínú àyè ọgọ́rùn-ún fún àwọn tí máàkì wọn ga jù, 35 fún àwọn ìpínlẹ̀ tó wà ní sàkáání rẹ̀, 20 fún àwọn ìpínlẹ̀ tí ẹ̀kọ́ kò tíì rinlẹ̀. N kò bá wọn jà lórí ìyẹn. Orílẹ̀-èdè tó fẹ́ kí gbogbo ọmọ rẹ̀ jẹun gbọ́dọ̀ wá ọgbọ́n fi bu oúnjẹ. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n bí sínú ìlú tí Àgùdà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kó jẹ́ ti gbogbo wa, kí wá ni kó kọ? Olódùmarè, bí àwọn tó ń ṣòfin kò bá tíì rí ìdáhùn sí èyí, Ìwọ fi ojú ọmọ ilé wò ó. Jẹ́ kí àwọn olùkọ́ rẹ̀ pè é ní orúkọ rẹ̀, kí wọ́n má pè é ní orúkọ ìpínlẹ̀ rẹ̀.

Nígbà tó o bá ń kó ẹrù bọ̀, ọ̀nà Lọ́kọ́ja á tù ọ́ lára, wàá kọjá Abájí láyọ̀. Ohun tó wọ ilé àwọn òṣìṣẹ́ yunifásítì ní Giri ní ọjọ́ 2 oṣù Kọkànlá 2021, tí wọ́n fi jí èèyàn gbé tọmọtọmọ, kò tún ní wọ ibẹ̀ mọ́. A dúpẹ́ pé àwọn tí wọ́n jí gbé padà wálé láàyè. Ìyanṣẹ́lódì ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, tó gba oṣù mẹ́jọ lọ́wọ́ àwọn ọmọ ní 2022, láti oṣù Kejì dé oṣù Kẹwàá, kò ní bá ọ níbẹ̀. Owó tó tọ́ sí olùkọ́ á tẹ olùkọ́ lọ́wọ́, nítorí èmi kò lè gbàdúrà pé kí olùkọ́ máa fi ebi kọ́ ọ. Bí ìjọba ṣe kéde ní oṣù Kejìlá 2024 pé orúkọ Yakubu Gowon ni yunifásítì náà yóò máa jẹ́, orúkọ yòówù tí wọ́n bá tẹ̀ sára ìwé ẹ̀rí rẹ kò ní di ohun tí agbanisíṣẹ́ yóò máa fi bi ọ́ léèrè.

N kò ní gbàgbé àwọn tí kì í ṣe ìfẹ́ inú wọn ni wọ́n fi ṣí. Ní alẹ́ ọjọ́ 3 oṣù Karùn-ún 2023, ọkọ̀ òfuurufú gbé àwọn ọmọ wa tí ogun lé kúrò ní Sudan balẹ̀ sí Àbújá. Ti Ukraine ti ṣáájú wọn dé ní 2022. Ẹlòmíràn ti fẹ́ parí ẹ̀kọ́ ìṣègùn, kò sì rí ẹni tí yóò fún un ní ìwé èsì, torí ilé ẹ̀kọ́ tó yẹ kó fún un ti di ojú ogun. Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹni tí yóò gbọ́ tẹnu yín á wà níbi tí ẹ bá dé. Wọn kò ní béèrè lọ́wọ́ yín ohun tí ogun ti jó.

Àti ìwọ tí wọn kò gbà lọ́dún yìí, tó o wo ojú fóònù títí tí ìròyìn ayọ̀ kò wọlé: ibi tó o wà á gbà ọ́. Olùkọ́ kan á rí ọ níbẹ̀, wàá rí ọ̀rẹ́ tí yóò bá ọ kàwé mọ́jú, wàá sì fi ìwé ẹ̀rí ibẹ̀ wọ ibi tí àwọn tó ń kàwé ní Gwagwalada ń wá. Bí o bá sì fẹ́ tún kọ̀wé lọ́dún tó ń bọ̀, owó fọ́ọ̀mù kò ní wọ́n ọ. Àṣẹ.