Àyùn Mímú àti Ààlà Igbó: Ǹjẹ́ Ìjáfáfá Ẹ̀rọ Jẹ́ Ìwà Rere?

Ní ìlú Orè, tí í ṣe olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Odígbó ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, iṣẹ́ ìlagi ti ń bọ́ ọ̀pọ̀ ìdílé láti ìgbà pípẹ́, nítorí pé igbó ọba Olúwa wà nítòsí, ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Bìní sì gba ibẹ̀ kọjá, tí ó fi rọrùn láti kó pákó lọ sí ọjà. Epo dísù tí ẹ̀rọ ń mu, àyùn tó ti kú, àti gẹdú tó ṣòfò wà lára ohun tó ń jẹ èrè onísọ́mìlì, ìyẹn ẹni tó ni iléeṣẹ́ ìlagi. Ó bọ́gbọ́n mu nígbà náà pé kí ó wá bí ẹ̀rọ rẹ̀ yóò ṣe ṣiṣẹ́ púpọ̀ lórí ìnáwó kékeré. Ìbéèrè tó wà níwájú onírònú ni pé, ǹjẹ́ irú ìdínkù ìnáwó bẹ́ẹ̀ jẹ́ ìwà rere fúnra rẹ̀, àbí ọgbọ́n lásán ni, tí rere tàbí búburú rẹ̀ dúró lórí ohun mìíràn?

Ìjáfáfá ẹ̀rọ ni ìwọ̀n tí iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ṣe fi súnmọ́ iṣẹ́ tó yẹ kó lè ṣe. Seiichi Nakajima, ará Japan tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ lórí ìtọ́jú ẹ̀rọ tàn káyé, fi ohun mẹ́ta wọ̀n ọ́n: àkókò tí ẹ̀rọ fi ṣiṣẹ́ nínú àkókò tí a là sílẹ̀ fún un, bí ó ti yára tó, àti iye ohun tó jáde láìlábùkù, a ó sì fi ọ̀kan sọ èkejì di púpọ̀. Bí ẹ̀rọ ìlagi kan bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí 6 nínú 8, èyí tí í ṣe ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún, tí ìyára rẹ̀ jẹ́ ìdá 80, tí pákó tó dára sì jẹ́ ìdá 90, ìjáfáfá rẹ̀ kò ju ìdá 54 lọ, bẹ́ẹ̀ ìdá 85 ni Nakajima fi ṣe àfojúsùn. Àyùn tí a ń pọ́n déédéé, tí irin rẹ̀ sì tẹ́ẹ́rẹ́, kì í jẹ́ kí igi púpọ̀ di lẹ́búlẹ́bú, kì í sì í fi epo ṣòfò.

Lójú ẹ̀sìn ìbílẹ̀, ìtọ́jú irin kọjá ọ̀rọ̀ owó. Ògún ni òrìṣà irin, tí alágbẹ̀dẹ, ọdẹ, awakọ̀ àti mẹkáníìkì ń bọ. Òun náà ni òrìṣà òtítọ́, débi pé ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ lè fi irin búra ní ilé-ẹjọ́ Nàìjíríà, bí Mùsùlùmí ti ń fi Kùránì búra, tí Kìrìsìtẹ́nì sì ń fi Bíbélì búra. Ẹni tó bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ẹ̀rọ òun ń fi ìdá 46 ṣòfò ti sọ òtítọ́ níwájú irin, ẹni tó sì fi gẹdú ṣòfò nítorí ọ̀lẹ ti jẹ̀bi. Títí dé ibí, ìjáfáfá jẹ́ ojúṣe.

Àmọ́ òtítọ́ náà kò tíì pé. Ní ọdún 1865, onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé ará Gẹ̀ẹ́sì kan, William Stanley Jevons, fi hàn nínú ìwé rẹ̀ lórí èédú ilẹ̀ pé nígbà tí èédú tí a fi ń yọ́ tọ́ọ̀nù irin kan ní Scotland dín kù sí ohun tí kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta ti tẹ́lẹ̀, àpapọ̀ èédú tí wọ́n ń lò níbẹ̀ di ìlọ́po mẹ́wàá láàárín ọdún 1830 sí 1863. Ìdí rẹ̀ ni pé ohun tó bá dínwó a máa pe oníbàárà sí i. Bí pákó bá dínwó ní Orè, ẹni tí kò lè kọ́ ilé tẹ́lẹ̀ yóò lè kọ́ ọ, èyí tí í ṣe ire gidi. Ṣùgbọ́n ìrókò, arère àti afárá tí yóò wó lulẹ̀ lè pọ̀ ju ti ìgbà tí àyùn kú lọ, láìsí pé ẹnikẹ́ni pète ibi.

Ẹnìkan lè wí pé kí a fi ẹ̀rọ sílẹ̀ bí ó ti wà kí igbó lè sinmi. Àbá yìí kò tọ́, nítorí òfò kì í ṣe àánú fún igi, igi tó di lẹ́búlẹ́bú ti kú tán. Àwọn àgbà ní bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Bákan náà, ìjáfáfá kò lè fúnra rẹ̀ sọ ibi tí iṣẹ́ yóò dúró. Ìwà ẹni tó mú un lọ́wọ́ ni yóò sọ ọ́. Nígbà tí àwọn baba ńlá ń ṣe ètùtù kí wọ́n tó gé ìrókò, wọ́n ń jíhìn fún ohun kan tí kì í ṣe oníbàárà, àṣà náà sì ń dá ọwọ́ àáké dúró díẹ̀.

Ohun mẹ́ta tí Nakajima wọ̀n kọjú sí ẹ̀rọ. Ẹ̀kẹrin gbọ́dọ̀ kọjú sí igbó: iye igi tí ilẹ̀ lè dá padà láàárín ìran kan. Onísọ́mìlì tó bá fara mọ́ ààlà yẹn kí ó tó pọ́n àyùn rẹ̀, tí ó sì yọ lára owó tí ìjáfáfá fi pamọ́ láti fi gbin igi mìíràn àti láti tún owó òṣìṣẹ́ ṣe, ti sọ ọgbọ́n di ìwà rere. Èyí tó bá kọ̀ ọ́ wulẹ̀ rí ọ̀nà tí kò náni lówó láti ba ohun tí kò lè rà padà jẹ́.