WO Ẹ̀YÌN WÒ

Bíbélì Kíkà: Deutarónómì 25:17-19, Ẹ́kísódù 17:8-13
Ẹsẹ Àkọ́sórí: Gálátíà 6:2 (Ẹ jẹ́ kí gbogbo ilé kà á pọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.)

Ẹni tó bá ti gun kẹ̀kẹ́ ológeere lórí òkè Ẹ̀fọ̀n-Aláayè láàárọ̀ ọyẹ́ mọ̀ pé òtútù kì í múni nígbà tí a ń gòkè. Ìgbà tí a bá ń sọ̀kalẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbáni láyà, tí ìka ọwọ́ ń kú, tí títẹ bíréèkì ń di ìṣòro.

Ní ilẹ̀ Yúróòpù, àwọn ẹgbẹ́ oníkẹ̀kẹ́ máa ń jáde pọ̀ nígbà ìrúwé, tí òtútù kò tíì lọ tán. Wọ́n ń tẹ̀lé ara wọn pẹ́kípẹ́kí. Ẹni iwájú ni afẹ́fẹ́ ń bá jà. Ẹni tó sá sẹ́yìn rẹ̀ lè fi ìdá kan nínú mẹ́rin agbára rẹ̀ pamọ́. Bó bá rẹ ẹni iwájú, á bọ́ sẹ́yìn, ẹlòmíràn á gba iwájú. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ tún ń fi alágbára kan sẹ́yìn pátápátá, kí ẹnikẹ́ni má bàa já sílẹ̀. Ẹni tó bá já, òun nìkan ni yóò kojú gbogbo afẹ́fẹ́ náà, nígbà tí agbára rẹ̀ ti tán.

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹta ọdún 2013, yìnyín ba ìdíje Milan sí San Remo jẹ́ ní Ítálì. Bọ́ọ̀sì ni wọ́n fi gbé àwọn olùdíje kọjá òkè Turchino. Nígbà tó yá, àwọn kan kò padà sórí kẹ̀kẹ́ mọ́. Gerald Ciolek, ọmọ Jámánì tó wà nínú ẹgbẹ́ MTN-Qhubeka ti South Africa, ló gbégbá orókè. Kò dá rìn. Ó wà láàárín àwọn díẹ̀ tó ṣẹ́kù títí òpin fi sún mọ́lé.

Ará, níbo ni Ámálékì ti kọlu Ísírẹ́lì? Kì í ṣe iwájú, níbi tí Mósè wà. Ẹ̀yìn ni, lára àwọn tó ti rẹ̀. Ọ̀tá mọ ẹni tí a kì í wò.

Arábìnrin tí a kò rí láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ta ló ti lọ sílé rẹ̀? Arákùnrin tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣé a ti pè é? A máa ń sọ pé irú wọn ti fà sẹ́yìn nínú ìgbàgbọ́. Òtútù ló mú ẹlòmíràn. Kò sí ẹni tó bá a dí afẹ́fẹ́.

Ìwọ tí ó ti rẹ̀, má ṣe tìtorí ìtìjú dákẹ́. Ké sí àwọn ará kí o tó já. Ìwọ tí o wà níwájú náà, rántí pé ọwọ́ Mósè wúwo lọ́jọ́ ogun yẹn kan náà. Ó jókòó, Áárónì àti Húrì sì gbé ọwọ́ rẹ̀ ró. Kò dín ipò rẹ̀ kù; Ísírẹ́lì ló ṣẹ́gun.

Ìgbésẹ̀ Òní: Dárúkọ ẹnì kan tí o kò rí mọ́ nínú ìjọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, lọ sílé rẹ̀. Má ṣe bá a wí. Béèrè ohun tó ń dà á láàmú.

Àdúrà:
1. Baba, là mí lójú láti rí ẹni tó ń já lẹ́yìn, ní orúkọ Jésù.
2. Olúwa, má ṣe jẹ́ kí Ámálékì rí ẹnikẹ́ni mú nínú ilé wa àti nínú ìjọ wa.
3. Olúwa, fún àwọn aṣáájú wa ní Áárónì àti Húrì tiwọn. Àmín.