Ọmọ Tó Kú àti Ọmọ Tó Nù

Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kú, ó sàn ju ọmọ ẹni nù lọ. Ẹni tí kò bá tíì jókòó ti abiyamọ tí ọmọ rẹ̀ lọ sójú ogun tí a kò gbúròó rẹ̀ mọ́ lè rò pé ọ̀rọ̀ òdájú ni, nítorí ta ni yóò fẹnu ara rẹ̀ yan ikú fún ọmọ tí ó gbé pọ̀n? Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá kú, a ó sunkún, a ó gbẹ́lẹ̀, ará àti ọ̀rẹ́ yóò bá wa kẹ́dùn, bó pẹ́ bó yá, omijé yóò gbẹ lójú; èyí tí ó nù ni kì í jẹ́ kí ìyá rẹ̀ ti ìlẹ̀kùn tán lóru, òun ni àyà rẹ̀ fi ń já lọ́jà bí ó bá rí ọkùnrin kan lókèèrè tí ìrìn rẹ̀ jọ ti ọmọ rẹ̀, òun ni kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè kí i kú ọ̀fọ̀ láìdàbí ẹni tí ó ṣépè fún un.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í kúrò lọ́kàn mi ní oríta Ọ̀rẹ̀, níbi tí ọ̀nà Èkó, ti Bìní, ti Oǹdó àti ti Òkìtìpupa ti pàdé, tí èrò ọkọ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ láti jẹun. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1967, nígbà ogun abẹ́lé Nàìjíríà, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun Biafra, tí Victor Banjo ọmọ Yorùbá ṣe olórí fún, ti wọ Bìní ní ọjọ́ 9, ogun náà tẹ̀ síwájú dé Ọ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni sọ́jà ìjọba àpapọ̀ sì ti dá wọn dúró. Ìbọn ró nínú igbó àti oko kòkó Odígbó tó yí Ọ̀rẹ̀ ká, títí sọ́jà ìjọba fi lé àwọn ará Biafra padà, tí ìjọba sì gba Bìní ní ọjọ́ 20 oṣù kẹsàn-án. Láti ìgbà náà ni a ti ń wí pé “Ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀!”, tí ọmọdé tí kò mọ Ọ̀rẹ̀ pàápàá ń fi í ṣàwàdà. Èmi kò lè bá wọn rẹ́rìn-ín, nítorí òkú wà lábẹ́ gbólóhùn náà, ọmọ Ìgbò, ọmọ Hausa, ọmọ Yorùbá, tí ọ̀pọ̀ wọn kò ní sàréè tí ẹbí wọn mọ̀.

Irú àìmọ̀ yìí kò yọ ẹni ńlá pàápàá sílẹ̀. Adékúnlé Fájuyì, ọmọ Adó-Èkìtì, gómìnà ológun Ìwọ̀-Oòrùn, bọ́ sọ́wọ́ àwọn sọ́jà tí ó wá mú àlejò rẹ̀, Ọ̀gágun Aguiyi-Ironsi, olórí ìjọba ológun Nàìjíríà, ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 29 oṣù keje ọdún 1966. Wọ́n pa àwọn méjèèjì ní Lálúpọn, ṣùgbọ́n ìjọba kò kéde ikú wọn títí ó fi di oṣù kìn-ín-ní ọdún 1967. Ní gbogbo àkókò yẹn, kí ni kí a pe aya rẹ̀, opó ni tàbí abilékọ? Ìgbà tí òkú rẹ̀ dé Adó, tí a sin ín pẹ̀lú ẹ̀yẹ, ni ìlú tó lè kì í bí a ti ń kì akọni tí ó ti rèwàlẹ̀ àsà. Ilé làbọ̀ sinmi oko.

Kí wá ni egungun ní í ṣe pẹ̀lú ọ̀run? Ẹni tí ó bá kú sí ìdálẹ̀, irun orí àti èékánná rẹ̀ ni àwọn baba ńlá wa ń wá gbé wálé, kí wọ́n lè rí ohun sin. Jósẹ́fù mú àwọn ọmọ Ísírẹ́lì búra pé wọn yóò kó egungun òun kúrò ní Íjíbítì. Ànábì, ẹ̀wẹ̀, wà ní Mẹ̀dínà nígbà tí ó kírun òkú sí Najaṣi ọba Abisíníà lára, òkú kò sì sí níwájú rẹ̀. Èrò tèmi ni pé Ẹlẹ́dàá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò kí a fi egungun han òun kí ó tó mọ ẹni tí ó dá. Àwa alààyè ni a kò mọ àdúrà tí a ó gbà, bóyá pé kí ó délé láyọ̀ ni, tàbí pé kí ó sùn un re.

Ẹni tí ó bá sì ń wí pé kí ìyá tètè gba kámú, kí ó rántí Isaac Fadoyebo, ọmọ Ẹ̀múrè-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, sọ́jà nínú Ogun Àgbáyé Kejì, tí ìbọn àwọn ará Japan fọ́ itan rẹ̀ ní Bọ́mà ní oṣù kẹta ọdún 1944, tí a fi sílẹ̀ sínú igbó, tí àgbẹ̀ Mùsùlùmí kan sì fi pamọ́, títí wọ́n fi rí i ní oṣù kejìlá. Ó padà wálé, ó sì darúgbó kí ó tó kú ní ọdún 2012. Ìdí nìyí tí n kò fi lè bá ìyá wí, bí ó bá gbà pé àkúdàáyà ni ọmọ òun, pé ó ń gbé ìlú mìíràn, ó ti láya, ó ti bímọ. Ìrètí kì í ṣe ìwà òmùgọ̀. Òótọ́ nìkan ni ó ní ẹ̀tọ́ láti pa á.

Òótọ́ náà sì ti ṣeé wá lónìí. Ní Hawaii, àwọn ará Amẹ́ríkà ní ilé àyẹ̀wò kan níbi tí wọ́n ti ń fi eyín àti egungun dá sọ́jà tí ó ṣubú ní Kòríà àti Vietnam mọ̀. Lára ohun tí wọ́n ń lò ni irú DNA kan tí ó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ìyá ni ọmọ ti ń jogún rẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé itọ́ ẹnu ọmọ ìyá òkú, tàbí ti ọmọ tí arábìnrin rẹ̀ bí, lè tọ́ka sí ẹni tí ó ni egungun. Èyí kò lè ṣòro fún Yorùbá láti gbà, àwa tí a mọ ohun tí ọmọ ìyá jẹ́ sí ara wọn.

Ní ti Odígbó, ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ogún ọdún nígbà ogun náà ti di arúgbó; bí ẹnìkan bá ṣì mọ ìdí igi tàbí ẹ̀bá ọ̀nà tí wọ́n sin òkú aláìlórúkọ sí, àwọn ni. Kí àwọn ọba ibẹ̀, àlùfáà, lèmọ́mù àti ìjọba ìbílẹ̀ lọ bá wọn nísinsìnyí, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n bá rántí sílẹ̀, kí a sì ránṣẹ́ sí Enugu, sí Makurdi, sí Kano àti sí Abẹ́òkúta, pé ẹni tí ọmọ ìyá rẹ̀ kò bá ti Ọ̀rẹ̀ dé, kí ó máa bọ̀.