Bí A Bá Ti Kìlọ̀ Fún Wa



Ní ọjọ́ ìsinmi kan, lẹ́yìn ìsìn, arábìnrin wa kan gbé wàrà díndín tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i láti ilé wá, ó sì pín in fún àwọn ọmọ wa. Inú àwọn ọmọ dùn. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ni a bí sí Turin níhìn-ín, wọn kò tọ́ wàrà ilé wò rí. Àwa tí a kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì mọ ohun tí ó yẹ kí a béèrè, ṣùgbọ́n a kò fẹ́ dójú ti arábìnrin wa níwájú ìjọ. A dákẹ́. Láti ọjọ́ náà ni a ti ń bi ara wa pé: bí ohun búburú bá wà nínú oúnjẹ tí ojú kò sì rí i, ọrùn ta ni ẹ̀bi rẹ̀ wà?

Òjé ni ohun tí à ń bẹ̀rù. Bí màlúù bá ń jẹ lórí ààtàn, tàbí tí ó ń mu omi níbi tí wọ́n ti ń yọ́ bátìrì ọkọ̀ àtijọ́, òjé yóò wọ ara rẹ̀. Egungun, ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ni púpọ̀ rẹ̀ máa ń dúró sí, ṣùgbọ́n díẹ̀ a máa bọ́ sínú wàrà. Ìkòkò náà wà níbẹ̀: èyí tí wọ́n yọ́ àlòkù ẹ́ńjìnnì àti irin àkúfọ́ dà lè tú òjé sínú ohun tí a ń sè, pàápàá ohun tí ó bá kan. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, ṣùgbọ́n ojú kò rí èyí, ahọ́n kò sì mọ̀ ọ́n.

Ọmọdé ni ó ń jìyà rẹ̀ jù. Inú rẹ̀ ń gba òjé ní ìlọ́po 4 tàbí 5 ju ti àgbà lọ, ó sì ń ba ọpọlọ jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ọmọ náà yóò dà bí olóríkunkun tí kò fẹ́ kàwé, a ó sì máa nà án lórí ohun tí kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan tí a mọ̀ pé kò léwu.

Ẹ jẹ́ kí a wo Ẹ́kísódù orí 21. Bí màlúù bá kan ènìyàn pa, olúwa rẹ̀ kò jẹ̀bi ikú náà. Ṣùgbọ́n bí màlúù náà bá ti máa ń kàn tẹ́lẹ̀, tí a sì ti kìlọ̀ fún olúwa rẹ̀, tí kò sé e mọ́, ẹ̀bi di tirẹ̀. Màlúù kan náà ni, ikú kan náà ni. Ìkìlọ̀ ni ó yàtọ̀.

Ní ọdún 2010, ní ìpínlẹ̀ Zamfara, àwọn tálákà ń fọ́ òkúta nínú agbo ilé wọn láti wá góòlù. Òjé pọ̀ nínú òkúta náà. Ó lé ní 400 ọmọdé tí ó kú. Àwọn bàbá wọn kò mọ̀. Oúnjẹ àwọn ọmọ náà gan-an ni wọ́n ń wá. Ta ni yóò sọ wọ́n lókùúta?

Ṣùgbọ́n ẹ wo mílíìkì inú agolo. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, òjé ni wọ́n fi ń jó ẹ̀gbẹ́ agolo pọ̀, àwọn onímọ̀ sì ti kìlọ̀ pé ó ń jò sínú mílíìkì tí ìkókó ń mu. Síbẹ̀, ní Amẹ́ríkà, ọdún 1991 ni àwọn tí ń ṣe agolo níbẹ̀ tó fi í sílẹ̀, ọdún 1995 ni òfin sì kà á léèwọ̀. Àwọn wọ̀nyí kò lè sọ pé àwọn kò mọ̀.

Níbo ni àwa wá wà? Ní ọ̀sẹ̀ kejì, a lọ bá arábìnrin wa nílé, a sì sọ ohun gbogbo fún un. Kò bínú. Ó kàn ní, “Àǹtí, kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi kí àwọn ọmọ tó jẹ ẹ́?” A kò rí èsì fọ̀. Òun kò mọ̀, àwa mọ̀. Màlúù náà, tiwa ni.

Ẹ má tìtorí èyí gba wàrà lẹ́nu ọmọ. Ọmọ tí kò bá jẹun dáadáa ni òjé ń wọ̀ lára jù, ọmú ìyá sì dára. Mílíìkì ṣọ́ọ̀bù níhìn-ín ní òfin tí ń ṣọ́ ọ: òjé inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju mílígíráàmù 0.02 lọ nínú kílò kan. Òfin Yúróòpù kò sì gbà kí èrò gbé wàrà wọlé láti ilé nínú ẹrù rẹ̀. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀, kí ó bá dókítà ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀.

Ẹ̀yin ará, ẹ ti gbọ́ báyìí. Ẹni tí ó bá mọ̀, kí ó sọ ọ́ pẹ̀lú ìfẹ́, kí ó sì sọ ọ́ lásìkò. Kí Olúwa kí ó dárí àìmọ̀ wa jì wá, kí ó sì dárí ìdákẹ́ wa jì wá pẹ̀lú. Àmín.