Igi Tó Tẹ́ẹ́rẹ́ Ló Ń Kọrin

Àwọn baba wa ní Ọbàtálá fi amọ̀ mọ ènìyàn. Ìwé Jẹ́nẹ́sísì ní erùpẹ̀ ilẹ̀ ni Ọlọ́run fi mọ ọ́n. Ìtàn méjèèjì fẹnu kò síbì kan: ohun tó ń fọ́ ni wọ́n fi dá wa. Kí ló dé? Ṣé agbára Ẹlẹ́dàá kò ká òkúta ni? Èmi tí mò ń tún gìtá ṣe ní Philadelphia, orí tábìlì iṣẹ́ mi ni mo ti rí ìdáhùn tó tẹ́ mi lọ́rùn.

Gìtá Martin tí wọ́n ṣe ní Nazareth, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, ṣáájú 1944 ni mò ń sọ. Ojú rẹ̀ jẹ́ pákó spruce tí kò nípọn ju nǹkan bíi mìlímítà 3 lọ. Okùn irin mẹ́fà ló ń fà á tọ̀sán-tòru, agbára wọn lé ní ìwúwo kílò 70. Àwọn ọ̀pá igi tí wọ́n lẹ̀ mọ́ abẹ́ rẹ̀ ni kò jẹ́ kó wó. Méjì nínú wọn dábùú ara wọn bíi lẹ́tà X, ọgbọ́n tí C. F. Martin, ará Jámánì tó kó wá sí Amẹ́ríkà ní 1833, ti ń lò láti àwọn ọdún 1840. Àwọn oníṣẹ́ á wá gbẹ́ àwọn ọ̀pá náà títí ibì kan lára wọn á fi tẹ́ẹ́rẹ́. Bí wọn kò bá gbẹ́ ẹ tó, ohùn gìtá á há. Bí wọ́n bá gbẹ́ ẹ jù, ojú rẹ̀ á rì.

Ní 1944, iléeṣẹ́ náà pa gbígbẹ́ yẹn tì, torí pé àwọn olórin ń fi okùn tó nípọn sí i, ojú gìtá sì ń wú. Gìtá wá le dáadáa. Síbẹ̀, ti àtijọ́, èyí tó tètè ń bàjẹ́, làwọn olórin ń wá kiri, tí wọ́n ń kó owó ńlá lé. Ní 1976, iléeṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ tún padà sídìí gbígbẹ́ lára gìtá tí wọ́n pè ní HD-28.

Àwọn oníṣẹ́ àtijọ́ yẹn mọ̀ pé ọjọ́ àtúnṣe ń bọ̀. Gúlù tí wọ́n sè láti ara awọ ẹran ni wọ́n fi lẹ ọrùn gìtá mọ́ ara rẹ̀. Ooru àti ọ̀rinrin ń tú u. Bí okùn bá ti fa ọrùn náà kúrò láàyè rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, n ó fi oru omi gbígbóná tú u, n ó fá ìdí rẹ̀ díẹ̀, n ó sì dá a padà. Ẹni tó lẹ̀ ẹ́ ti kú kí wọ́n tó bí mi, ṣùgbọ́n ó fi àyè sílẹ̀ fún ọwọ́ mi.

Nítorí náà, mi ò gbà pé àbùkù ni jíjẹ́ ẹlẹgẹ́ wa. Ohun tó ń jẹ́ kí àánú ṣe wá, tí ọ̀rọ̀ ẹlòmíì fi ń mì wá, òun náà ló ń jẹ́ ká lè fọ́. Èyí kò sọ ìyà di ohun rere o: igi tí ẹrù ti pa kì í kọrin mọ́. Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin pásítọ̀, ẹ̀yin ọ̀gá níbi iṣẹ́, bí ohùn ẹni tó wà lábẹ́ yín bá ń yí padà, okùn tí ẹ fi sí i lọ́rùn ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kí ẹ tó bá igi wí.