TA LÓ NI ORÚKỌ EWÉ?

Lọ́jọ́ Sátidé kan, èmi àti ọ̀rẹ́ mi tó ń kọ́ nípa ewéko yà lọ́dọ̀ ìyá eléwé ọmọ kan ní Mayfair. Ọ̀rẹ́ mi ní, "Ẹ kú ọjà o, mà. Igbó wo lẹ ti já ewé yìí?" Màmá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, mi ò ní sọ ìyẹn." Inú bí ọ̀rẹ́ mi. Ó ní irú ìwà báyìí ló ń pa ìmọ̀ wa. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ta ló jàre?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ ọ̀rẹ́ mi. Ìrókò tí gbogbo wa mọ̀, Chlorophora excelsa ni àwọn onímọ̀ ń pè é tẹ́lẹ̀. Milicia excelsa ló ń jẹ́ báyìí. Bí Ifẹ̀ bá kọ ti àtijọ́, tí Ìbàdàn kọ tuntun, kọ̀ǹpútà tí kò mọ̀ pé ọ̀kan náà ni á kà á sí igi méjì. Orúkọ ibi ńkọ́? Ẹni tó bá kọ "Mayfair" lásán, tí kò fi Ilé-Ifẹ̀ sí i, London ni kọ̀ǹpútà lè gbé ewé ọ̀hún lọ o! Ìdí nìyí tí wọ́n fi dá GBIF sílẹ̀ ní 2001, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Copenhagen. Ní 2009, àwọn onímọ̀ fọwọ́ sí Darwin Core, pé kí gbogbo ayé máa kọ orúkọ, ọjọ́ àti ibi lọ́nà kan náà. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ẹjọ́ màmá ńkọ́? Àwọn ará wa ní Cuba àti Brazil máa ń pa ìtàn kan: Ọ̀sanyìn kó gbogbo ewé pa mọ́, afẹ́fẹ́ Ọya fẹ́ wọn ká, òrìṣà kọ̀ọ̀kan ṣa tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó ń jẹ́ kí ewé ṣiṣẹ́ kù sọ́wọ́ Ọ̀sanyìn. Pierre Verger, tó bá Yunifásítì Ifẹ̀ ṣiṣẹ́, kó ewé àti ọfọ̀ wa jọ sínú ìwé ńlá tó jáde ní Brazil ní 1995. Iṣẹ́ ribiribi ni. Àmọ́ kí ló yẹ kó kan ọmọ babaláwo tó sọ ọ́ fún un? Àdéhùn Nagoya ti 2010 ní ẹni tó bá lo irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ pín èrè rẹ̀ fún àwọn tó ni ín. Yàtọ̀ sí ìyẹn, bí a bá kéde ibi tí ewé tó ṣọ̀wọ́n wà, àwọn kan á lọ hú u tán.

Lójú tèmi, kì í ṣe dandan ká sọ gbogbo nǹkan. Dandan ni kí ohun tí a bá sọ yé ẹni tó gbọ́, ká má sì parọ́ nípa ohun tí a ò sọ. Àní nínú Darwin Core fúnra rẹ̀, àyè wà tí a ti lè kọ ọ́ pé a fi nǹkan kan pa mọ́. Màmá náà ò parọ́ igbó fún wa; wọ́n kàn ní àwọn ò ní sọ.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé ọmọ wọn ti lọ Èkó, kò sẹ́ni tí wọ́n ń kọ́. Ọ̀rẹ́ mi ti padà lọ. Kò mú bírò lọ́wọ́. Ó jókòó, ó bá wọn di ewé títí ilẹ̀ fi ṣú. Wọn ò tíì dárúkọ igbó náà. Ṣùgbọ́n wọ́n ti sọ orúkọ ewé mẹ́ta fún un, wọ́n sì ní kó máa kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀yin ńkọ́, ta lẹ dá láre?